Ìdajì Tábìlì

Tábìlì kan ṣoṣo ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù wa ní Sabon Gari. Èmi ń ta ataṣimẹ́ǹtì, ìyàwó mi ń dirun, òun ló sì ni tábìlì. Láti ìgbà tí mo ti ń fi fóònù kọ́ ara mi ní áljẹ́bírà ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ fún ìdajì rẹ̀, kí n lè ríbi tẹ́ ìwé sí. Nígbà tá a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi fi orúkọ tí àwọn Hausa ń pe olùkọ́ pè mí, ó ní:

"Málàmù, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ yìí hàn mí. Tó bá yé mi, ẹ gba ìdajì. Tí ò bá yé mi, ẹ má dárúkọ tábìlì mọ́."

Mo fi fọ́nrán irun mẹ́ta, dúdú, pupa àti funfun, kọ́ sórí ìṣó, mo so ìdí wọn mọ́ òòyà.

"Ohun tá à ń wá," mo ní, "ni ohun tá a lè ṣe sí irun yìí, tó jẹ́ pé bá a ṣe é ṣáájú ohunkóhun mìíràn, bá a ṣe é lẹ́yìn rẹ̀, ibì kan náà la máa já sí. Òun ni wọ́n ń pè ní àárín."

Mo gbé dúdú kọjá lórí pupa lápá òsì, mo sì yí òòyà ní ìdajì. Mo wá rọra fi ìka ti ìkọjá yẹn la inú ìlọ́ náà títí ó fi yọ nísàlẹ̀. Apá ọ̀tún ló yọ sí.

"Ó ti kó lọ sílé ẹlòmíràn," ìyàwó mi ní. "Tábìlì ti bọ́ lọ́wọ́ yín."

Mo tú u, mo tún un ṣe, mo sì yí òòyà ní odindi. Lọ́tẹ̀ yìí, òsì ló yọ sí, bó ṣe wà lókè. Ó gba òòyà lọ́wọ́ mi, ó dán apá ọ̀tún wò fúnra rẹ̀. Ọ̀tún náà ló yọ sí.

"Odindi ló ń ṣe é nìyẹn. Ṣé ibi gbogbo ni?"

Ẹni tó bá fi irun kọ́ ọ á sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo fa páálí ataṣimẹ́ǹtì kan ya, mo kọ̀wé sí i: òsì dúró fún ìkọjá kan lápá òsì, ọ̀tún fún ìkọjá kan lápá ọ̀tún. Nínú irun, òsì-ọ̀tún-òsì àti ọ̀tún-òsì-ọ̀tún jẹ́ ohun kan náà; ìyẹn ni ìdajì yíyí. Ṣùgbọ́n nínú áljẹ́bírà, irun ní àwọn ìbátan tí kò ní fọ́nrán rárá, òfin nìkan ni wọ́n ní. Òfin ọ̀kan nínú wọn ni pé ó di mẹ́rin kí wọ́n tó dọ́gba: òsì-ọ̀tún-òsì-ọ̀tún àti ọ̀tún-òsì-ọ̀tún-òsì. Mẹ́rin yìí ni ìdajì tiwọn.

"Fi òsì kan kún ẹ̀yìn mẹ́rin àkọ́kọ́," mo ní. "Wá fi àtàǹpàkò bo òsì àkọ́kọ́. Kí ló kù?"

"Ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Mẹ́rin yẹn náà ni. Òsì ẹ̀yìn ti bọ́ síwájú, kò sì di ọ̀tún."

"Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọ̀tún. Níbẹ̀, ìdajì tó."

Ó tún un kà, ó ń wá ibi tí mo ti rẹ́ òun jẹ. Kò rí i. Ló bá kó ìpara àti òòyà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ìdajì yín rèé. Kí ìwé yín má kọjá sí tèmi o."

Páálí yẹn ṣì wà lára ògiri wa. Bí àwọn oníbàárà bá bèèrè ohun tó jẹ́, ìyàwó mi ló máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, ní èdè Hausa, kò sì tíì ṣì í rí.