Ìyá Àgbà Ní Kí Omi Jókòó

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn ti ń rọ̀ gan-an kí n tó rí i pé ìyá àgbà ò sí nínú ilé. Páànù orí ilé wa ń pariwo débi pé èèyàn ò lè gbọ́ ohùn ara ẹ̀. Mo yọjú lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, mo sì rí wọn níbi tí àgbàrá ti ń já wálẹ̀ láti orí oko. Wọ́n ká ìró dé orúnkún, wọ́n fi ọ̀rá bo gèlè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ tánganran funfun lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń kọjá á rò pé ẹja ni wọ́n ń pa. Wọ́n bu àgbàrá náà, omi pupa tó ki, wọ́n gbé e wọlé tìṣọ́ratìṣọ́ra, wọ́n sì gbé e ka orí pèpéle.

"Má fọwọ́ kàn án o," ni wọ́n wí fún mi. "Jẹ́ kó tòrò."

Nígbà tó di ọ̀sán, omi òkè ti mọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ abọ́ náà nípọn ju ìka mi lọ. Wọ́n bu díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò rá a, wọ́n gbóòórùn ẹ̀. Ojú wọn korò.

"Oko mi lò ń wò yìí," ni wọ́n wí. "Ó ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ."

Ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n. Abúlé wa ò jìnnà sí Akanran. Bàbá mi ń ṣe mẹkáníìkì ní Ọlọ́runṣògo nílùú Ìbàdàn, nígbà tí ìyá mi sì bí ìbejì tẹ̀ lé mi, wọ́n ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà kí ọwọ́ lè rọ̀ wọ́n nílé. Bí mo ṣe di ọmọ ìyá àgbà nìyẹn.

Kò sí ẹni tó ń gbálẹ̀ bíi tiwọn ládùúgbò wa. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, tẹ̀súbà á wà lọ́rùn ọwọ́, ìgbálẹ̀ á ti wà lọ́wọ́. Ṣáà, ṣáà, ṣáà. Ariwo ìgbálẹ̀ ló ń jí mi, kì í ṣe àkùkọ. A óò gbá iwájú ilé, a óò gbá ẹ̀yìnkùlé, a óò gbá abẹ́ máńgòrò títí dé inú oko. Gbogbo ewé la máa kó jọ tá a máa dáná sun, èéfín ẹ̀ á sì wà lára aṣọ iléèwé mi títí di ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ náà á le, á dán, wàá rí ipa ẹsẹ̀ adìẹ lórí ẹ̀ kedere. Bí ewé bá sùn sí àgbàlá obìnrin nígbà yẹn, ìtìjú ni.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan lẹ́yìn ilé ni oko wa, kànga wa sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Kòkó ló wà níbẹ̀ nígbà ayé bàbá àgbà. Nígbà tí kòkó gbó, wọ́n gé àwọn igi ibẹ̀ sun èédú, ilẹ̀ náà sì wà ní ìhòòhò láti ìgbà náà. Ẹ̀gẹ́ tá à ń hú níbẹ̀ tín-ín-rín. Àgbàrá ti gbẹ́ kòtò sí àárín ẹ̀, tí ewúrẹ́ bá kó sínú ẹ̀, àfi ká fi okùn fà á jáde. Tí ọyẹ́ bá ti fẹ́ díẹ̀ báyìí, kànga á gbẹ, a óò wá máa pọn omi lódò tó jìnnà.

Ọ̀nà odò yẹn ni ìyá àgbà ti ṣubú pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi, lásìkò ọyẹ́ tó ṣáájú òjò tí mo sọ yẹn. Ìbàdí wọn yẹ̀. Bàbá mi sáré dé láti Ìbàdàn pẹ̀lú epo ọkọ̀ lára ṣòkòtò.

"Màámi, mi ò lè máa sùn ní Ọlọ́runṣògo kí n máa ro ìbàdí yín," ni wọ́n wí. "Tí kànga yìí bá tún gbẹ lọ́dún tó ń bọ̀, mò ń bọ̀ wá kó yín."

Ìyá àgbà wo ọmọ wọn títí. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Tó bá gbẹ, màá tẹ̀ lé ọ."

Gbogbo wa la mọ̀ pé yóò gbẹ. Èmi tiẹ̀ ti ń ro búrẹ́dì àti tẹlifíṣọ̀n. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni ìyá àgbà ò ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ibojì ọkọ wọn wà lábẹ́ igi ọsàn létí oko, wọn kì í gbé ọkọ́ láàárọ̀ láìkọ́kọ́ dúró kí i. Ta ni yóò máa kí i tí wọ́n bá lọ?

Nígbà tí ìbàdí wọn san díẹ̀, tí ọyẹ́ ṣì ń jà, wọ́n lọ bu ilẹ̀ ààtàn tí wọ́n fẹ́ fi gbin ata. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ààtàn náà wà, ibi tá à ń da èèpo iṣu àti ewé ẹ̀kọ sí. Mo ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ igbe wọn. Mo rò pé ejò ni, mo sáré dé ibẹ̀.

"Fọwọ́ sí i," ni wọ́n wí.

Mo fọwọ́ sí i. Ó tutù! Gbogbo ilẹ̀ abúlé ló ti là, ètè mi pàápàá ti là, ṣùgbọ́n abẹ́ ìdọ̀tí yẹn tutù rinrin, ekòló sì ń jà gùdù níbẹ̀. Ìyá àgbà wo ààtàn náà. Wọ́n wo àgbàlá tó ń dán. Wọ́n wá wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi.

"Àṣé ohun tá a fi ń lé omi jáde nílé nìyí," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́.

Wọ́n gba ìgbálẹ̀ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi há àjà ilé ìdáná. Iwájú ilé nìkan la ṣì ń gbá. Láti ọjọ́ náà, ewé tá a bá rí, orí oko là ń kó o lọ. A bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ewé nílé onílé.

Ìyá Aládùúrà, tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tí kì í wọ bàtà tó bá ti wọ aṣọ funfun, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ìyá àgbà, ẹ̀yin ná! Ẹ̀yin tí ilẹ̀ yín máa ń dán ju àwo wa lọ! Ṣé ejò lẹ fẹ́ máa sìn ni?"

"Tí ejò bá wá, a jẹ́ pé ilé wa ti tutù nìyẹn," ni ìyá àgbà dá a lóhùn.

Òjò àkọ́rọ̀ wá dé, ó sì gbá gbogbo ewé wa lọ sínú kòtò. Òjò tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí nìyẹn, òun ló kún abọ́ funfun pẹ̀lú ẹrẹ̀. Ìyá Aládùúrà kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́, àánú ló ń ṣe é. Ìyá àgbà ò sunkún. Òjò tó tẹ̀ lé e, inú ẹ̀ ni wọ́n wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ń tẹ̀ lé àgbàrá kiri orí oko, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ wọn. "Rọra. Ibo lò ń sáré lọ? O ò kí wa, o ò jókòó."

Gbogbo wa là ń kọ ebè kó dojú kọ ìsàlẹ̀ òkè nígbà yẹn, kí omi lè tètè kọjá kó má ba ẹ̀gẹ́ jẹ́. Ìyá àgbà tú tiwọn ká. Wọ́n kọ ọ́ ní ìbú, kó dábùú ọ̀nà omi. Wọ́n kó igi àti òkúta dí kòtò náà níbi púpọ̀, wọ́n gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn wọn. Wọ́n gbin ewé tíì tẹ̀ lé àwọn ebè náà, a sì tún kó ewé gbígbẹ lé e lórí. Àwọn ẹ̀gẹ́ kan jẹrà lóòótọ́, ẹnu àwọn èèyàn ò sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n tó o bá gba orí oko wa kọjá lẹ́yìn òjò, òórùn ewé tíì á bò ọ́, wàá sì rí omi tó jókòó jẹ́jẹ́ sáàárín ebè. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ti mu ún.

Gbogbo òjò ńlá ni ìyá àgbà ń bu sínú abọ́. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀ ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àgbàdo kejì ń yọmọ, wọ́n pè mí wá sí pèpéle. Abọ́ náà ní òdòdó búlúù kan tí wọ́n yà sí ìsàlẹ̀ inú ẹ̀, mi ò rí i rí nígbà tí àgbàrá bá wà nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo rí ewé òdòdó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà gbá mi mọ́ra, aṣọ wọn tutù.

Síbẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ dé, kànga fà sẹ́yìn. Omi tá a fà kẹ́yìn dọ̀tí. Ìyá àgbà gbé ìdérí irin bò ó, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i, kó sinmi. Wọ́n sì ránṣẹ́ sí bàbá mi fúnra wọn, torí pé wọ́n ti fẹnu sọ ọ́. Mi ò ro búrẹ́dì mọ́ nígbà yẹn. Mo ń sunkún nídìí ewé tíì.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi máa dé, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán ni mo gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké. Nínú ọyẹ́! Abẹ́ ìdérí kànga ni ohùn náà ti ń wá. Ìyá àgbà ń ka tẹ̀súbà lọ́wọ́, ọwọ́ wọn dúró lórí ìlẹ̀kẹ̀ kan.

"Ẹ jẹ́ ká ṣí i," ni mo wí.

"Rárá o. Ó lè jẹ́ etí wa ló ń tàn wá." Ẹ̀rù ń bà wọ́n ni. Mi ò rí ẹ̀rù lójú wọn rí ṣáájú ọjọ́ náà.

Bàbá mi gbé ọkọ̀ akẹ́rù ọ̀rẹ́ wọn wá. Wọ́n di bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di ẹní, wọ́n di ìkòkò ọbẹ̀, gbogbo ilé ìyá àgbà ò tiẹ̀ kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìyá Aládùúrà dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Nígbà tí okùn ti wà lórí ẹrù, ìyá àgbà gbé búútà wọn fún bàbá mi.

"Bá mi fa omi àlùwàlá. Kí n kírun àlàásàrì nílé mi ká tó lọ."

"Níbo, Màámi? Ṣebí kànga ti gbẹ."

"Ṣáà bá mi wò ó."

Bàbá mi ṣí ìdérí náà, wọ́n ju garawa sínú ẹ̀. Okùn kànga wa ní kókó ńlá kan, níbi tá a ti so òmíràn mọ́ ọn kó lè tó omi lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ń tú okùn náà sílẹ̀ láìwo ibẹ̀, ojú wọn wà lọ́dọ̀ ọkọ̀. Kókó ò tíì kúrò lórí ilẹ̀ nígbà tá a gbọ́ ọ.

Gbòà.

Bàbá mi tẹjú mọ́ okùn ọwọ́ wọn. Wọ́n yọjú wo inú kànga. Wọ́n fa garawa náà sókè, ó kún, ó mọ́, ó tutù lọ́wọ́. Wọ́n bu ú mu, wọ́n bu ú bọ́jú, wọ́n sì jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí bàbá mi tí wọ́n ń sunkún nìyẹn.

"Halelúyà!" ni Ìyá Aládùúrà ké.

"Àlùhámdùlílàhì," ni ìyá àgbà wí. Wọ́n gba búútà, wọ́n ṣe àlùwàlá pẹ̀lú omi oko ara wọn, èyí tí ilẹ̀ mu lásìkò òjò tó wá ń sun sínú kànga. Nígbà tí wọ́n máa fi kírun tán, bàbá mi ti ń tú okùn orí ẹrù.

Ẹ̀gbẹ́ ọkọ wọn la sin wọ́n sí nígbà tí ọjọ́ wọn pé, lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọyẹ́ tí kànga ò gbẹ. Moniya ni mò ń gbé báyìí, ládùúgbò tí gbogbo wọn ti fi sìmẹ́ǹtì bo àgbàlá. Èmi ò jẹ́ kí bíríkìlà fọwọ́ kan tèmi. Ewé máńgòrò sùn síbẹ̀, wọ́n sì ń pè mí ní ọ̀bùn lẹ́yìn, mo mọ̀. Mo ti rí i tí ilẹ̀ tó ti kú mí padà, kò sí ohun tẹ́nì kan máa wí tó máa mú ìyẹn kúrò lójú mi.

Abọ́ funfun náà wà lọ́dọ̀ mi, etí ẹ̀ ti họ. Òjò àná rọ̀ gan-an. Mo ká ìró mi, mo bu àgbàrá lẹ́nu géètì, mo gbé e ka orí pèpéle. Ọmọ mi obìnrin dé láti iléèwé, ó bi mí pé kí ni mò ń wò nínú omi ìdọ̀tí.

Mo ní kó jókòó.