Ọjọ́ Tí Mo Kígbe "Hurray"

Nígbà tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, ní Òkè-Àgbò, a kì í sọ Yorùbá nílé ìwé wa. Ẹni tó bá sọ ọ́, wọ́n á fi páálí kọ́ ọ lọ́rùn títí di ìgbà tí a bá jáde. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo máa ń lálàá páálí yẹn.

Igbe pàápàá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní ká máa fi ké e. Tíṣà wa kọ wọ́n sójú bọ́ọ̀dù: "Ouch" fún ìrora, "Hurray" fún ayọ̀, "Alas" fún ìbànújẹ́. Mo há wọn sórí, àmọ́ wọn ò dé inú mi, bí ohun tí mò ń sọ bá yé yín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi obìnrin jókòó sídìí ògiri, ó ń mu gaàrí. Àwọn káfíńtà tó ń ṣe àjà kíláàsì wa ti fi pákó ti ògiri náà. Mo rí i tí pákó kan ń yọ̀ bọ̀. "Yéè! Dìde!" ti dé ẹnu mi, ṣùgbọ́n tíṣà wà nítòsí, mo bá gbé e mì. Mo ń wá èyí tó tọ́. "Hurray!" ló já bọ́ lẹ́nu mi.

Ọ̀rẹ́ mi gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó rò pé wọ́n ti ní ká máa lọ sílé ni. Pákó bá já lé e lẹ́sẹ̀.

Tíṣà wa sáré dé. "Yéè! Mo gbé o!" lòun náà ń ké.

Nílé baba tó ń to eegun ní Mámu ni mo ti lọ kí ọ̀rẹ́ mi. Ìyá rẹ̀ ń wí pé, "Àlìhámúdùlíláì, kì í ṣe orí ló bà." Ọ̀rẹ́ mi kọjú sógiri.

"Kí lò ń yọ̀ sí lọ́jọ́ yẹn? Ẹsẹ̀ mi?"

Mo ṣàlàyé títí. Ṣé ẹ̀rù páálí ni àbí ọpọlọ mi ló dúró? Títí di òní, mi ò mọ̀.

Ayé ti yí. Mo ti jáde ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, wọ́n sì ti ń kọ́ Yorùbá nílé ìwé wa àtijọ́. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń ké "Wow", wọ́n ń ké "Yéè", kò sẹ́ni tó ń mú wọn. Inú mi ń dùn sí i, ó sì tún ń bà jẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rẹ́ mi ti di télọ̀. Bí mo bá tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi, á ní, "Ìwọ yìí náà! Ó ti tán, jàre." Á wá máa ránṣọ lọ. Ẹsẹ̀ kan ló fi ń tẹ maṣíìnì.