Pápá Ilé Wa Tó Dagẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yìnkùlé ilé àlùfáà ni ẹ̀gbọ́n mi Hester ti kọ́ tẹníìsì, lórí koríko tí bàbá wa, tó jẹ́ àlùfáà ibẹ̀, ń gẹ̀ fúnra wọn. Pápá ọ̀hún dagẹ̀rẹ̀ sọ́nà igi ápù. Bọ́ọ̀lù bá ti balẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ ló ń yà sí, Hester á sì ti dúró dè é. Tòun ti síkẹ́ẹ̀tì tó ń wọ́lẹ̀, ó na gbogbo ọkùnrin abúlé wa.

Lọ́dún 1886, ó lọ díje ní ìlú Exeter. Pápá tiwọn tẹ́jú bíi tábìlì. Bọ́ọ̀lù balẹ̀, Hester sáré yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé igi ápù wa wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù sì kọjá lọ tààrà. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí wọ́n fi nà án.

Nígbà tó délé, Bàbá ní, "Màá ní kí wọ́n gbẹ́ pápá yìí kó tẹ́jú."

Hester ní, "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Tó bá tẹ́jú tán, ta ni mo tún fẹ́ máa nà?"

Kò díje níbòmíràn mọ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àlùfáà tuntun kan tí kò gbá tẹníìsì rí ní kí wọ́n gbẹ́ pápá náà kó tẹ́jú. Mo débẹ̀ lánàá. Mo ju bọ́ọ̀lù kan sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì ti ń lọ sọ́nà igi ápù kí n tó rántí.