Schmachtkamp Ìkẹyìn

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì kọsẹ̀ níbi orúkọ ìdílé Engelbert Schmachtkamp, Engelbert á dúró gbọin, á yọ awò ojú rẹ̀, á sì pe orúkọ náà fún onítọ̀hún díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ABD. Kò sí ẹni tí kò tíì gba ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀ ní abúlé Hövelbrink wa níbí. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ti gbà á. Oníṣègùn eyín ti gbà á, tòun ti ìka rẹ̀ lẹ́nu Engelbert. Àlùfáà gan-an gbà á lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin ìyá Engelbert, nígbà tí pósí ṣì wà lẹ́bàá kòtò.

"Orúkọ tèmi kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń ṣà nílẹ̀," ló máa ń sọ. "Ẹ ju òkúta sáàárín ọjà ìlú Münster, Meyer ló máa bà. Tí kò bá ba Meyer, á ba Schmidt. Ṣùgbọ́n ẹ wá gbogbo ilẹ̀ Jámánì kiri, ẹ ò ní rí Schmachtkamp kankan, àfi èmi àti ọmọ mi."

Èyí kì í ṣe irọ́. Nígbà tí ìwé tẹlifóònù ṣì wà, ọdọọdún ló máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹlòmíràn tún wà tó ń jẹ́ ẹ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ó gbé ìwákiri náà lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ kú láìbímọ. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ ẹ ní Bremen náà kú. Bí ẹlòmíràn bá rí i pé ìdílé òun ń tán lọ, ẹkún ni yóò sun. Engelbert ń yọ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń kú ni iye tirẹ̀ ń lọ sókè lójú ara rẹ̀. Kódà nígbà tí Gisela ìyàwó rẹ̀ kó jáde, tó sì gba ọ́fíìsì ìjọba lọ tààrà láti dá orúkọ náà padà, ohun tí Engelbert sọ ni pé ìyẹn náà mú un wọ́n sí i.

Kí ni iṣẹ́ ọkùnrin yìí? Mítà omi ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wò. Ó ń ti ilé dé ilé, ó ń wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ onílé, ó ń wo iye omi tí wọ́n lò. Iṣẹ́ gidi ni, kò sí àbùkù níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi àbùkù kàn án, torí bí ẹ bá bi í léèrè, á ní òun wà "nínú ìṣàkóso omi."

Ó ní ìtàn kan tó máa ń sọ nípa ibi tí orúkọ náà ti ṣẹ̀. Ó ní nínú èdè Jámánì, Macht ni agbára, Kampf ni ìjà. Pé ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà jẹ́ jagunjagun orí ẹṣin, tó ṣẹ́gun ní pápá tó padà wá di oko bàbá wọn. Ìjà ta ni àti ta ni? Kò mọ̀. Ọdún wo? "Ó pẹ́." Ó kọ̀wé sí àwọn kan tí ń ta àmì ìdílé fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti rí owó san, wọ́n sì fi apata kan ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú idà àti kìnnìún lára rẹ̀. Ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, lókè tẹlifíṣọ̀n. Kìnnìún! Ní Hövelbrink, níbi tí kò sí ohun tó ń bú ju ẹlẹ́dẹ̀ lọ.

Àwa mọ ohun tí orúkọ náà jẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ èdè abúlé tí àwọn ìyá wa àgbà ń sọ kò nílò kọ̀ǹpútà. Kamp kì í ṣe ìjà. Kamp ni ilẹ̀ oko tí wọ́n gbin igi yí ká. Schmacht sì ni ebi, ebi gidi tí ń jẹ́ kí ojú ṣókùnkùn. Oko Ebi ni Engelbert ń jẹ́. Iyanrìn ni gbogbo ilẹ̀ náà, ọkà ibẹ̀ kì í ga kọjá orúnkún, ẹni tó bá sì ń ro ó, ebi ni í bá a jí. Engelbert kò gbọ́ èdè náà, torí láti kékeré ló ti ní èdè àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ ni. A ò sì sọ fún un. Kí la fẹ́ sọ fún un fún? Ó ń dùn mọ́ wa láti máa wò ó lábẹ́ kìnnìún rẹ̀.

Oko náà gan-an, òun ló tà á. Nígbà tí bàbá wọn kú, ó ní òun ò lè máa fi bàtà tẹ ìgbẹ́ màlúù. Hedwig, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, bẹ̀ ẹ́ títí, pé kó jẹ́ kí òun àti Anton ọkọ òun kó lọ síbẹ̀, kí àwọn máa ro ó. Engelbert ní obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ kì í ṣe Schmachtkamp mọ́, kí ló fẹ́ fi oko Schmachtkamp ṣe? Ó tà á fún Cemal Aydoğan, ará Tọ́kì kan tó ti ń hun aṣọ ní fákítọ̀rì láti ìgbà èwe rẹ̀, tó sì ń wá ibi tí yóò ti máa sin àgùntàn. Engelbert wá ra fúláàtì kan lókè ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì láàárín abúlé, ó sì kan àwo onídẹ tó ní orúkọ rẹ̀ lára mọ́ ẹnu ọ̀nà. Hedwig ò bá a jà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kò sì gbàgbé.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan wà títí Mechthild, ọmọ kan ṣoṣo tí Engelbert bí, fi sọ pé òun ti rí ọkọ. Jörg lorúkọ onítọ̀hún, ó ń kan òrùlé. Ìyẹn ò dun Engelbert. Ohun tó dùn ún ni pé Meyer ni ọkùnrin náà ń jẹ́. Láti ìgbà tó ti gbọ́ ọ lórí fóònù, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bí Mechthild bá di Meyer, tí òun náà bá kú, kò ní sí Schmachtkamp kankan mọ́ láyé ńbí. Gbogbo ọjọ́ tó fi ń yọ̀ pé orúkọ òun wọ́n, kò fìgbà kan rò ó pé ó lè tán. Ẹ̀rù bà á lóòótọ́, n ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ó pè wọ́n wá jẹ kéèkì lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday. Hedwig náà wá, torí òun ló ṣe kéèkì ọ̀hún.

"Meyer," ni Engelbert wí bí wọ́n ṣe jókòó, bí ẹni tó rí irun nínú kọfí. "Èwo nínú wọn?"

"A pọ̀ o, sà," Jörg rẹ́rìn-ín. "Mẹ́rin la wà níbi iṣẹ́ wa nìkan. Jörg Onírun-pupa ni wọ́n ń pè mí, kí wọ́n lè mọ èyí tó jẹ́ èmi."

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan! Wọ́n ń fi irun dá a mọ̀ bíi màlúù."

"Papa, ẹ jọ̀ọ́," ni Mechthild wí.

"Ṣé mo bá a jà ni? Òfin ní tọkọtaya lè mú èyí tó bá wù wọ́n nínú orúkọ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní bá a sọ. Ọ̀gbẹ́ni, ṣé o lè fi Meyer sílẹ̀, kó o wá jẹ́ Schmachtkamp?"

Ojú ti Mechthild. Jörg wò ó, ó gbé èjìká sókè, ó tún mú kéèkì díẹ̀ sẹ́nu.

"Tó bá ti wu Mechthild, kò sí wàhálà," ó ní. "Mo lè jẹ́ ẹ."

Ó parí! Ohun tí Engelbert ń wá ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹni tí orí rẹ̀ bá pé á dúpẹ́, á tún bu kọfí fún ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n Engelbert ò mọ bí wọ́n ṣe ń gba oore láìtutọ́ sí i lára.

"O ṣeun," ó ní. "Ara ẹ lo ṣe é fún. Wàá bọ́ láàárín èrò. Kí ni wọ́n ń pè ní Meyer gan-an? Ṣé orúkọ nìyẹn? Pàǹtí ojú títì ni, gbogbo ẹsẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Ó kéré tán, àwọn ọmọ yín á lè gbé orí sókè, torí ẹ̀jẹ̀ jagunjagun ni tiwa—"

"Engelbert." Hedwig ti gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ Schmachtkamp, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé oko ń ṣẹ̀jẹ̀ ni? Ìyá bàbá wa sọ gbogbo ẹ̀ fún mi nígbà témi pẹ̀lú wọn jọ ń bó ẹ̀wà. Ìwọ ò sí ńbẹ̀, o ń nu bàtà ẹ. Bàbá tó bí bàbá bàbá wa, Meyer ni."

Engelbert ti àwo kéèkì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, Hedwig ò sì dúró.

"Meyer pọ́ńbélé. Heinrich Meyer. Alágbàṣe ni, ẹrù tó gbé wọ̀lú ò ju àpò kan lọ. Ọmọbìnrin nìkan ló kù lórí oko wa, ó bá fẹ́ ẹ, ó kó wọlé tọ̀ ọ́, àwọn èèyàn bá ń pè é ní Schmachtkamp torí ibẹ̀ ló ń gbé. Bàbá ìyàwó ẹ̀ náà, bó ṣe wọlé nìyẹn. Terhorst ni orúkọ tiẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ yìí, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n àfi ìwọ. Orúkọ oko ni, Engelbert, kì í ṣe orúkọ ọkọ. Ẹni tó bá wà lórí oko ló ń jẹ́ ẹ."

"Irọ́ ni!"

"Irọ́ kẹ̀? Ìwọ tó o wá ta oko ńkọ́, kí lo fi ń jẹ́ ẹ, àwo idẹ? Má da ara ẹ láàmú, Schmachtkamp ò tíì tán. Sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì, wàá gbọ́ ẹni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Anton mi ì bá jẹ́ ẹ. Èmi náà ì bá padà jẹ́ ẹ. O ní mo ti lọ sílé ọkọ."

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kéèkì mọ́. Mechthild ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló sì kọjú sí.

"Jörg, má fi orúkọ ẹ sílẹ̀. Meyer ni màá jẹ́."

"Mechthild!" ni bàbá rẹ̀ pariwo.

"Ẹ má bínú, Papa. Tó bá jẹ́ Meyer ni baba ńlá wa, ilé ni mò ń padà sí. N ò sì fẹ́ kí ọkọ mi jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi bú u kó tó tíì jẹ́ ẹ rárá."

Ṣé Engelbert gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́? Rárá o. Látọjọ́ Monday ló ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọjọ́ ogbó àti ìlara ló ń bá Hedwig jà. Ó nu àwo onídẹ rẹ̀ títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di Sátidé, Mechthild tó máa ń bá a gba búrẹ́dì ọjọ́ Sunday wá lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì kò yọjú, ni bàbá bá sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

A pọ̀ lórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Marlies oníbúrẹ́dì ti di ti kálukú sínú àpò, ó ń ka orúkọ tó kọ sára wọn.

"Schmachtkamp!" ó ké.

Engelbert na ara rẹ̀ tán, ó là wá kọjá lọ síwájú. Kò wo ẹnikẹ́ni. Àpò náà tóbi, búrẹ́dì inú rẹ̀ á tó bọ́ ilé odindi. Bó ṣe na ọwọ́ sí i ni Marlies fà á sẹ́yìn.

"Ẹ dákun, kì í ṣe tiyín. Ti Schmachtkamp ni."

"Èmi ni Schmachtkamp!"

"Ti Schmachtkamp Cemal, àwọn tó wà lóko. Cemal, máa bọ̀, ọ̀nà ti ṣí."

Cemal ti ẹ̀yìn wá, bàtà òjò lẹ́sẹ̀, koríko gbígbẹ lára ẹ̀wù. Ó bọ́ fìlà fún Engelbert.

"Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Ilé ńkọ́?"

"Aydoğan lò ń jẹ́!" ni Engelbert ké. "Aydoğan! Ta ló fún ẹ láṣẹ?"

"Aydoğan ni mo jẹ́ nínú ìwé," ni Cemal wí wọ́ọ́rọ́wọ́. "Èmi kọ́ ni mo pe ara mi bẹ́ẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni. Mo jiyàn títí, ó rẹ̀ mí. Bí ọmọ mi bá ti dé ilé ìwé, Schmachtkamp ni. Bí wọ́n bá fẹ́ ra àgùntàn, Schmachtkamp ni. Ṣé kí n wá gé ahọ́n wọn ni? Ẹ máa bọ̀ nílé o, ebi ò sí níbẹ̀ mọ́."

Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. N ò ní sọ ẹni tó jẹ́.

Marlies mú àpò kékeré kan, búrẹ́dì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ó mọ ẹni tó ni ín dáadáa, ojú rẹ̀ sì ń wo olúwa rẹ̀, síbẹ̀ ó gbé àpò náà sókè kí gbogbo wa lè rí i.

"Engelbert Olómi! Ta ló ń jẹ́ Engelbert Olómi?"

Orúkọ tí a ti ń pè é lẹ́yìn láti ìgbà tó ti ń wo mítà nìyẹn. Kò gbọ́ ọ rí. Ó yọ awò ojú rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. À ń dúró de ẹ̀kọ́ wa. Ó wo Marlies, ó wo búrẹ́dì, ó wo gbogbo wa lórí ìlà. Ó wá dá awò ojú náà padà síbi tó wà.

"Èmi ni," ó ní.