Ohun Funfun Abẹ́ Ètè Hàwáwù

Lẹ́yìn Ìga Ìdúngànrán, ààfin ọba Èkó, nínú ilé ẹbí kan tó yẹ kó kún fún ọmọ àti ìyàwó ilé, Hàwáwù nìkan ló kù ní yàrá méjì tó wà nísàlẹ̀. Fìlà ló ń fọwọ́ rán. Jíbrílù ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin. Haleem, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní Kánò, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló ń pè é lórí fóònù. Ayálégbé ló wà ní àwọn yàrá yòókù. Wọ́n ní èèyàn laṣọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, obìnrin tó ń rán fìlà sórí gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó yìí, ìhòòhò ló wà.

Aáṣáà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Láti àárọ̀ ni yóò ti fi ìka bù ú, á há a sábẹ́ ètè ìsàlẹ̀, á wá mú abẹ́rẹ́. Ẹni tó fi aáṣáà sẹ́nu kì í sọ̀rọ̀, kí itọ́ má bàa dà. Bí Ganiat, ọ̀dọ́bìnrin tó ń gbé yàrá ọ̀kánkán, bá kúnlẹ̀ kí i nídìí ẹ̀rọ omi, orí ló ń mì fún un. Ọdún méjì ni wọ́n ti wà bẹ́ẹ̀. Ganiat ti gbà pé màmá yìí kò fẹ́ràn òun, ta ni kò sì ní gbà bẹ́ẹ̀?

Nígbà tó yá, ata bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lábẹ́ ètè. Wọ́n kéde ní mọ́ṣáláṣí pé àwọn dókítà eyín kan nítòsí Marina ń yẹ ẹnu àgbàlagbà wò lọ́fẹ̀ẹ́, pàápàá ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó ń lo aáṣáà. Ó ní òun á lọ. Àmọ́ ẹ wo ohun tí màmá yìí ṣe. Ṣebí gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í gbé ẹnu ìdọ̀tí síwájú ẹni tí a kò mọ̀ rí. Hàwáwù run orín, ó fi iyọ̀ fọ eyín, ó wo dígí, ó rí ohun funfun kan lábẹ́ ètè. Ó ní ìdọ̀tí ni. Ó fi orín ha á títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Lẹ́yìn náà ló wá wọ aṣọ tó mọ́, ó gba Marina lọ.

"Ẹ ya ẹnu, Màmá," ni Dókítà Ìyìnolúwa wí, ọmọbìnrin tí kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó tan iná sí i, ó wo abẹ́ ahọ́n, ó fọwọ́ tẹ ọrùn rẹ̀ yí ká. Nígbà tó dé abẹ́ ètè, ó dúró. "Kí ló bó yín níbí?"

"Mo fọ̀ ọ́ ni. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí ìdọ̀tí."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ohun tẹ́ ẹ fọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ rí. Ọgbẹ́ ti bò ó báyìí. Ṣé ẹnì kan ti rí i rí, ká lè mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀?"

Hàwáwù rántí ẹnì kan ṣoṣo. Jíbrílù ni. Egungun ẹja há Hàwáwù lọ́fun lọ́jọ́ kan, ọkọ rẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu, ó ní, "Hàwá, nǹkan funfun kan wà lábẹ́ ètè rẹ. Lọ fi han dókítà." Hàwáwù fi í rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sígbà náà tí Jíbrílù fi kú. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹ̀dá kan tó wo inú ẹnu rẹ̀. Èyí dùn ún ju orín tó fi ha á lọ.

Dókítà ní kó jẹ́ kí ọgbẹ́ náà jinná fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó má sì fi aáṣáà kan ẹnu rárá. Nígbà tó padà lọ, wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá jẹjẹrẹ ni. "Bí ẹ bá ń bọ̀ wá gbọ́ èsì," ni dókítà wí, "ẹ mú ẹnì kan dání."

Ẹnì kan. Ó rò ó títí. Haleem jìnnà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà Ganiat, ẹ̀ẹ̀mejì ló padà sẹ́yìn. Ẹni téèyàn ò bá sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó sin òun lọ gbọ́ bóyá òun á kú? Ojú ń tì í.

Lọ́jọ́ èsì, òun nìkan ló lọ.

"Ẹni tẹ́ ẹ mú wá ńkọ́, Màmá?"

"Ó wà níta."

Dókítà ṣílẹ̀kùn, ó bi àwọn tó jókòó léèrè, "Ta ló bá Màmá Hàwáwù wá?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún bi wọ́n. Hàwáwù tẹrí ba, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Dókítà pa ilẹ̀kùn dé, ó fa àga sún mọ́ ọn, ó jókòó. "Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ó lè dà á bí ẹ bá padà sídìí aáṣáà. Ẹ máa wá lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Nílé, kí ẹnì kan máa bá yín tan iná wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá le, tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró dè mí, ẹ tètè wá."

Nígbà tó délé, Ganiat wà nídìí ẹ̀rọ omi. Ó kúnlẹ̀ kí i bó ti máa ń ṣe, ó sì yíjú padà sí omi rẹ̀, kò retí ìdáhùn.

"Ganiat."

Ọmọbìnrin náà gbé ike omi sílẹ̀. "Mà? Ẹ mọ orúkọ mi?"

"Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Jọ̀ọ́, tan iná fóònù rẹ, bá mi wo ẹnu mi."

Hàwáwù jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó sì ya ẹnu.