Iye Tí Lufeyo Pe Igi Máńgòrò

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Lufeyo.

Igi ló ń gé jẹun. Abẹ́ Bàbá Sikelo ní ìlú Limbe ló ti kọ́ ọ, kó tó ní òun fẹ́ dá dúró. Bàbá Sikelo ò bínú. Ó gbà láti máa fi ẹ̀rọ agégi yá a, kó máa san owó rẹ̀ lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Igi gígé ò le. Iye pípè ló le. Tí ebi bá lé ẹ, máa padà bọ̀. Okùn mi wà níbí tí wàá máa dì mú."

Ọ̀rọ̀ okùn yẹn dun Lufeyo, torí ọmọ iṣẹ́ ló máa ń dúró nílẹ̀ di okùn mú. Ó búra nínú ara rẹ̀ pé òun ò ní padà.

Abúlé ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé, lẹ́sẹ̀ òkè Mulanje. Níbẹ̀, ọkọ ló ń kó tọ aya. Ẹni tó bá sì ń gbé ilé àna, ó ní bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Kì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ rí ni igi máńgòrò Ìyá Nangozo, opó kan tó ń din mandási tà. Igi náà ti gbó, ó fì sórí ilé ìdáná rẹ̀, òjò sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Ọkọ wa, èló lo máa gbà?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta kwácha, ìyá."

"Háà! Ṣé igi lo fẹ́ gé ni, àbí ìdáná lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ wo bó ṣe fì, ìyá."

"Ojú mi náà ló ṣe fì. Ọgbọ̀n ni mo ní."

Lufeyo rò ó. Ọgbọ̀n yóò san owó ẹ̀rọ fún ọjọ́ méjì, yóò sì san ti Matiya tó máa bá a di okùn mú. Òun fúnra rẹ̀ ò ní rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka wà. Àwọn tó ń sun bíríkì ní àfonífojì kì í kọ̀ láti ra igi. Ní Limbe, ẹni tó gégi ló ni ẹ̀ka, wọn kì í bi ara wọn léèrè. Ara ẹ̀ka yẹn lèrè òun wà. Ó ní ó dáa. Kò dárúkọ ẹ̀ka.

Ọjọ́ iṣẹ́ pé. Lufeyo gun igi, ó so okùn mọ́ ẹ̀ka, ó gé e, Matiya sì ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó má bàa bọ́ lu òrùlé. Matiya ò tíì tú okùn ẹ̀ka àkọ́kọ́ tán tí ìyá ìyàwó Lufeyo, Ìyá Nasibeko, fi yọ pẹ̀lú àdá àti òṣùká. Àwọn obìnrin abúlé tò sẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ wa!"

Wọ́n kó àdá bo ẹ̀ka. Matiya gbójú sókè.

"Lufeyo! Ẹ̀ka ń lọ o!"

Lufeyo rí i. Ta ni yóò sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ pé kó sọ igi kalẹ̀? Ó la ẹnu. Ohun tó jáde ni:

"Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ìyá. Òmíràn ń bọ̀."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀!" ni Ìyá Nasibeko wí. "Ọkọ ọmọ tèmi nìyẹn. Tìẹ ńkọ́, Nachisale? Ṣé ó ti jí?"

"Ó ti jí," ni obìnrin náà dáhùn. "Ó ń ronú bóyá kó dìde."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lufeyo ò rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹ̀ka tó ń sọ̀ kalẹ̀, okùn Bàbá Sikelo ló ń rí. Inú bí i, ó ṣe iṣẹ́ náà kíákíá. Oòrùn ò tíì yẹ̀ tí ìtì igi fi wà nílẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀ láti wá palẹ̀ mọ́. Kò rí ohun tó máa kó, àfi ìtì tó jẹ́ ti Ìyá Nangozo. Wọ́n ti ru ẹ̀ka lọ, wọ́n ti kó ewé fún ewúrẹ́. Ìyá Nangozo ti ń gbálẹ̀.

"Matiya, gbé ẹ̀rọ wọ mọ́tò, kó padà sí Limbe lónìí."

"Ṣebí ọjọ́ méjì lo ní?"

"Ọjọ́ kejì, ẹ̀ka la fẹ́ gé wẹ́wẹ́, ká kó o. Ẹ̀ka dà?"

Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́ kó tó yé òun alára. Owó ẹ̀rọ di ti ọjọ́ kan. Owó Matiya di ti ọjọ́ kan. Kò sí kẹ̀kẹ́ màlúù tí yóò háyà láti fi kó ẹ̀ka. Ó san ti Matiya, ó ya ti ẹ̀rọ sọ́tọ̀, nǹkan ṣẹ́kù sọ́wọ́ rẹ̀. Kò tó owó tí àwọn tó ń sun bíríkì ì bá san. Ṣùgbọ́n kò jẹ ẹnikẹ́ni.

Bàbá Mpheto tó ń gbé ilé kejì ti ń wò wọ́n láti àárọ̀. Ó ní kó wá wo igi tòun náà. Lọ́tẹ̀ yìí Lufeyo yí igi po. Ó wo orí rẹ̀, ó wo ibi tó máa ṣubú sí.

"Bàbá, ta ló ni ẹ̀ka?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Àwọn obìnrin ni."

"Ó dáa. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì. Ọjọ́ kan péré, àgbàlá yín á mọ́."

"Ogójì! O gba ọgbọ̀n lọ́wọ́ Nangozo. Ṣé ìwọ kì í ṣe ọkọ wa ni?"

"Ọkọ yín ni mí, bàbá. Ẹ̀rọ tí mo yá ò fẹ́ ọmọ yín."

Bàbá Mpheto rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní kó wá lọ́jọ́ Ajé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Lufeyo jẹ ǹsíma, òkèlè àgbàdo wọn, àti ewé ẹ̀wà, pẹ̀lú ẹja usípà àti ata. Ó bu kún un.