Ìyá Mi Ló Rán Àwọn Máàpù Náà

Inú ṣì ń bí mi, mi ò sì ní díbọ́n pé kò bí mi. Ẹni tó bá ń wá ìtàn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó lọ bá ẹlòmíràn.

Aránṣọ ni ìyá mi. Ìyá Téèpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé téèpù ìwọ̀n kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi tó bá fẹ́ wẹ̀. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì gígùn tó fi ń gé aṣọ, àti lórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kọ̀ǹpútà àlòkù tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fi sílẹ̀ nígbà tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà náà. Inú kọ̀ǹpútà yẹn ni géèmù kan wà.

Géèmù agbépa ni. Ìwọ tó o jókòó síbẹ̀ máa di ẹlòmíràn: jagunjagun, olóògùn, olè pàápàá tó bá wù ọ́. Ìyá mi máa ń sọ pé orí tábìlì ni irú eré yìí ti bẹ̀rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dá sí i. Àwọn ọ̀rẹ́ á jókòó yí ká, ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn yòókù á máa ju dáìsì láti mọ̀ bóyá idà wọn ba ọ̀tá. Nígbà tó yá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kó o wọ inú kọ̀ǹpútà ràgàjì ilé ẹ̀kọ́ wọn. Kò sí àwòrán gidi nínú rẹ̀. Lẹ́tà kan ni ìwọ, lẹ́tà mìíràn ni ẹranko tó fẹ́ pa ọ́ jẹ.

Tiwa ti lajú díẹ̀. Ó ní ìlà funfun tó dúró fún ògiri lójú kọ̀ǹpútà tó dúdú. Ihò abẹ́ ilẹ̀ alájà mẹ́wàá ni, gbogbo ọ̀nà rẹ̀ sì jọra wọn bí ìbejì. Wọn ò fi máàpù kankan sí i, ìwọ alára ni wàá ya tìrẹ. Àwọn ẹlòmíràn fi pẹ́ńsùlù yà á. Ìyá mi fi abẹ́rẹ́ rán an.

Bébà tí wọ́n fà sí igun mẹ́rin kéékèèké, èyí tó fi ń ya àwòṣe aṣọ, ló lò. Igun kan, ìṣísẹ̀ kan. Òwú dúdú ni ògiri, òwú pupa ni ọ̀nà tó ti rìn tó sì yè. Àwọn ibì kan wà tí ilẹ̀ ti ń yí èèyàn po, tí o ò ní mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn mọ́. Á ta kókó síbẹ̀. Tó bá ṣìnà, á tú òwú náà bí ẹni ń tú apá aṣọ tó rán gbòdì, á sì tún un rán. Alájà mẹ́wàá, odidi ọdún méjì, láàárín oníbàárà kan sí òmíràn.

Bí eré náà ṣe ń dàgbà ló ń bá a lọ. Ó fi èyí tó ní àwọ̀ ṣeré, tí o máa ń wo ìlú láti òkè bí ẹyẹ. Ó fi èyí tó máa ń kọ lẹ́tà jágbajàgba sójú tẹlifíṣọ̀n ṣeré, tí wàá dà á kọ sínú ìwé kí o lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la níbi tó o dúró sí. Ṣi lẹ́tà kan kọ, ó parí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi bátìrì kékeré sínú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó lè máa rántí fúnra rẹ̀. Sídì dé, àwọn èèyàn inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn sọ̀rọ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì dé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń gbé ìlú kan náà tí kò sí. Ní báyìí tó ti wọ inú fóònù, ọfà kan á máa tàn, á máa sọ fún ọ pé yà sọ́tùn-ún. Ìyá mi kórìíra ọfà yẹn. Ó ní, “Wọ́n ń fà mí lọ́wọ́ kiri. Ta ló sọ fún wọn pé mi ò ríran?”

Bàbá mi, Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kò jókòó ti kọ̀ǹpútà náà rí. Tó bá ń gba yàrá iwájú kọjá, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: “Ìwọ àti nǹkan ọmọdé yìí.”

Lóṣù tó kọjá, ilé ìkàwé ìlú kéde pé àwọn fẹ́ ṣe àfihàn ìtàn àwọn géèmù agbépa, pé kí ẹni tó bá ní nǹkan àtijọ́ mú un wá. Èmi ni mo kọ̀wé sí wọn nípa àwọn máàpù tó wà nílé wa. Yunifọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ kan há ìyá mi mọ́ tábìlì lọ́jọ́ Túsìdeè tó yẹ ká kó wọn lọ, ni bàbá mi bá ní òun á bá a gbé wọn dé ibẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdúpẹ́ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ní Sátidé tí wọ́n ṣí àfihàn náà, èmi àti ìyá mi wọlé, a sì rí máàpù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lára ògiri tó tóbi jù. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ṣe àwọn máàpù yìí, pẹ̀lú òwú láti ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀.”

Òwú láti ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Bàbá mi tó ti ṣáájú wa dé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú kóòtù, àwọn èèyàn ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, òun náà ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.

Ọ̀gá àfihàn rí wa, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. “Màmá, ẹ kú àdúrótì Bàbá o.”

“Ta ló sọ fún yín pé àwọn ni wọ́n ṣe é?” ni ìyá mi bi í. “Èmi ni mo rán an.”

“Mo bi wọ́n lọ́jọ́ Túsìdeè pé ṣé àwọn ni wọ́n ṣe é, wọ́n sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.”

Bàbá mi wúkọ́. “Mo rò pé ohun tó ń bèèrè ni pé ṣé ilé wa ló ti wá.”

Irọ́ ni. Bàbá mi ni, mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Ọ̀gá yẹn ní kò le rárá, àwọn lè fi “àti ìyàwó rẹ̀” kún un. Nígbà tó rí ojú mi, ó yí ọ̀rọ̀ pa dà. “Tàbí kí Màmá kàn ṣàlàyé díẹ̀ fún wa bí wọ́n ṣe ṣe é, kó lè dá wa lójú.”

Ìyá mi lè ṣàlàyé. Ó lè dijú ka àjà keje fún un, kókó sí kókó. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

“Nígbà tí wọ́n mi orí,” ló wí, “ṣé ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé?”

“Rárá, mà.”

“Ṣé ẹ ní kí wọ́n fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́?”

“Rárá, mà.”

“Wọ́n mi orí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ti lanu sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ọkùnrin náà wá bírò jáde, ó bèèrè ohun tí òun máa kọ. Ìyá mi ní kó kọ pé aránṣọ kan ló rán an, kó má fi ọkọ kankan sí i. Bó ṣe ń kọ ọ́ ni bàbá mi wá là á mọ́lẹ̀ níkẹyìn, tí gbogbo ẹni tó wà nítòsí gbọ́, pé òun ò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà náà.

“Ẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè,” ni ìyá mi wí.

Wọ́n lẹ bébà tuntun mọ́ ògiri lójú wa. Àwọn tó ti bọ bàbá mi lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn lé ní ogún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣì wà nínú gbọ̀ngàn náà. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó pa dà wá bọ ìyá mi lọ́wọ́.